Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mi: ibi tó parí sí

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ rántí pé mo béèrè bóyá kí n san £1,900 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún chiropractor kan (ẹni tó ń fọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn láti fi wo ìrora) ní London níbí, ìgbà 48 láàárín oṣù mẹ́fà.

Mi ò san án.

Ìbéèrè tí ẹnìkan nínú yín kọ́ mi ló là mí lójú: "Kí la máa fi mọ̀ pé ó ti yá, ká lè dáwọ́ dúró?" Bí mo ṣe bi ọkùnrin náà báyìí, kò dáhùn. Ó tún gbé àwòrán X-ray mi sókè, ó fi báírò tọ́ka sí ọrùn mi, ó ní bí mi ò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀dínwó tó wà lórí owó náà á bọ́. Ìbàdí ló ń dùn mí o, ta ló bá a sọ̀rọ̀ ọrùn?

Dókítà mi yẹ̀ mí wò, wọ́n bi mí bóyá ẹsẹ̀ mi ń kú tipiri, bóyá mo ń tọ̀ dáadáa. Kò séwu. Wọ́n ní ìmọ̀ràn 2016 ti NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà lórí ìtọ́jú níbí, fàyè gba kí wọ́n fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn, àmọ́ eré ìdárayá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n fi mí ṣọwọ́ sí physio (ẹni tó ń fi eré ìdárayá wo ìrora ara) lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, lọ́fẹ̀ẹ́.

Láràárọ̀ báyìí, màá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, màá fa orúnkún mọ́ àyà. Ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá jókòó pẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, èmi fúnra mi ni mo gbé àpò ìrẹsì wọlé.