Owó káńsù fún títì àdúgbò: kí ni ká kọ sínú lẹ́tà?

Akọ̀wéÀdúgbò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Títì àdúgbò ni, 300 mítà, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò ní ìdérí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà náà. Ọ̀kadà ń sáré àsápajúdé níbẹ̀, ẹni tó ń lo àga onítáyà ò rọ́nà gbà. Ṣé káńsù la máa kọ̀wé sí ni àbí ìpínlẹ̀?

Bàbá Ìbéjì:
Káńsù ni. Ìwé òfin ọdún 1999 ka títì àdúgbò, iná ojú pópó àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni títì náà o. Bó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, inú fáìlì ni lẹ́tà yín máa sùn sí. Oṣù Kìíní ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ gba ọwọ́ kánsẹ́lọ̀ fi lẹ́tà sílẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Oṣù Kọkànlá ti pẹ́ jù.

Ẹ má kọ "ẹ bá wa tún ọ̀nà ṣe". Ohun tí kò níye ò lè wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ iye siláàbù (kọnkéré pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń dé gọ́tà) àti iye bọ́ǹpù (gegele ojú títì tó ń dín eré ọkọ̀ kù). Kí ẹ sì tọ́ka sí òfin àwọn akàndá ẹ̀dá tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019: ọdún márùn-ún tó fún ìjọba láti tún ibi tí aráyé ń lò ṣe ti pé.

Ẹnjiníà Gọ́tà:
Siláàbù ni owó ti ń ṣòfò jù. Gọ́tà tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà ń fẹ́ siláàbù tó gùn ní 90, kó lè jókòó sórí ògiri ní 15 lọ́tùn-ún lósì. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 60, tó nípọn ní 10, á wúwo tó 130 kílò. Ọkùnrin mẹ́rin á gbé e. Ẹnu géètì tí mọ́tò ń gbà, kó nípọn ní 15. Sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin; irin mílímítà 12, kó wà nísàlẹ̀. Irin tí bíríkìlà bá tẹ́ sókè ò wúlò, siláàbù á là láàárín.

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ da kọnkéré bo gọ́tà pọ̀ láìsí ojú ibi tí wọ́n á máa ṣí, ẹ kọ̀ ọ́. Yanrìn á dí i, kò ní síbi tí wọ́n á gbà kó o, omi á wá gba pálọ̀ yín. Àlàfo àárín siláàbù kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, torí táyà iwájú àga onítáyà yẹn kéré, á há síbẹ̀. Bí siláàbù bá fi 15 sẹ̀ǹtímítà ga ju títì lọ, ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 1.8.

Akọ̀wéÀdúgbò:
Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá ń lọ sí ẹgbẹ̀rún siláàbù nìyẹn! Bọ́ǹpù ńkọ́?

Ẹnjiníà Gọ́tà:
Káńsù ò ní ṣe ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé ìwé. Bọ́ǹpù tó dúró ṣánṣán bí ògiri ń fọ́ abẹ́ mọ́tò ni; kó ga ní 7.5 sí 10 sẹ̀ǹtímítà, kó gùn tó mítà 3.7, kó rọra gòkè, kó rọra sọ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ létí kí omi lè kọjá, ṣùgbọ́n ẹ ri òpó kúkurú síbẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀kadà máa gbà.