Màmá mi, àtọ̀gbẹ àti gàrí alẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde la wà. Màmá mi ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, wọ́n sì ń lo oògùn Metformin tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ déédéé. Oúnjẹ ọ̀sán wọn kò ní wàhálà. Àmọ́ láti ìgbà tí bàbá wa ti ṣaláìsí, bí ilé bá ti dákẹ́ lálẹ́, gàrí ni wọ́n ń sáré bá. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, omi tútù, ẹ̀pà, àti ṣúgà (ṣúgà yẹn gan-an ló ń bí mi nínú!). Kì í ṣe ebi, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ìbànújẹ́ ni. Bó bá di àárọ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn á ti kọjá 130 tí dókítà ní kó má kọjá kí wọ́n tó jẹun.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Ṣé kí n má jẹun mọ́ ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kó gàrí kúrò nílé. Èmi ò fara mọ́ ọn. Wọ́n á ra òmíràn.

Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé yín, kí lẹ fi rọ́pò gàrí alẹ́? Ṣé ẹnìkan mọ ibi tí àwọn opó tàbí alátọ̀gbẹ ti ń pàdé, níbí tàbí ní Ṣágámù? Báwo ni mo ṣe lè bá màmá mi sọ ọ́ tí kò ní dà bí ìbáwí?