Ẹ bá mi yan pléènì kékeré tó dára

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣe káfíńtà, àpótí àti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ń kàn jù. Pléènì gígùn tí mo ní ń fá ẹ̀gbẹ́ pákó dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e dé orí ibi tí ayùn ti gé e ní ìdábùú, pàápàá ìrókò, ńṣe ló máa ń ta, tí etí igi á sì fàya. Igi àfàrà ò fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu.

Wọ́n ní low angle block plane, ìyẹn pléènì kékeré tí abẹ rẹ̀ ò ga sókè, ni oògùn rẹ̀: abẹ ọ̀hún dùbúlẹ̀ ní dígírì 12, tí wọ́n bá sì pọ́n ọn ní 25, 37 ló máa fi pàdé igi. Irú rẹ̀ tí Stanley ń ṣe, 60½, lapá mi fẹ́ ká. Owó Veritas ti Kánádà àti Lie-Nielsen ti Amẹ́ríkà ju agbára mi lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo Stanley, tí ẹ bá ti dín ẹnu rẹ̀ (ihò tí abẹ ti ń yọ jáde) kù, ṣé ó máa ń dúró gírí? Ṣé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, àbí màá kọ́kọ́ fi sáńpépà lọ̀ ọ́? Àbí kí n kúkú wá àlòkù ayé àtijọ́? Èyí tí mo rà lọ́jà lọ́dún tó kọjá, abẹ rẹ̀ ò mú ju ṣíbí lọ. Ẹ jọ̀ọ́.