Ẹ gbà mí o: mo fẹ́ yọ gìtá inú kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi

GitaAdo
Ẹ kú irọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Adó-Èkìtì ni mo wà, gìtá ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń ta láti bí ọdún mẹ́ta, kọ́ọ̀dù ò ni mí lára. Bàbá mi máa pé 70 lóṣù Kejìlá, orin jùjú kan wà tí wọ́n fẹ́ràn gan-an, òun ni mo fẹ́ ta lọ́jọ́ náà. Inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló wà, ẹgbẹ́ kan tó máa ń ṣeré káàkiri Èkìtì nígbà yẹn, mo wá a tì lórí YouTube. Mo ti fi wáyà so rédíò kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì ti gbà á sínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba ohùn tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe. Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé líìdì gìtá yẹn ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé, tí mo bá sì dín eré ẹ̀ kù ohùn olórin á ki bíi ti akọ màlúù, gìtá náà á di báàsì. Èkejì, kódà kí n tó fọwọ́ kàn án rárá, kò bá gìtá mi mu, mo tẹ fret (àlà irin tó wà lọ́rùn gìtá) karùn-ún ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, mo tẹ ìkẹfà ó ga jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé mo ti yí okùn gìtá mi dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé lórí ìlà kan ṣoṣo tí ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?

OmoIkole
Ẹ̀gbọ́n, Change Speed lẹ lò, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí bátìrì rédíò ń kú lọ, eré àti ohùn á jọ máa wálẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá sọ eré ẹ̀ di ìdajì ohùn á já sílẹ̀ ní odindi octave kan, ìyẹn láti dò òkè sí dò ìsàlẹ̀. Change Tempo ni kẹ́ ẹ lò, abẹ́ Effect náà ló wà. Òun máa ń gé ohùn náà wẹ́wẹ́ ni, á wá tò ó padà kó gùn sí i, ohùn ò ní yẹsẹ̀. Ẹ kọ -25 síbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ dín eré ẹ̀ kù ní 25%, tí kò bá tíì tó ẹ ṣe -40. Ẹ má kọjá -50 o, tó bá ti kọjá ibẹ̀ ohùn á máa gbọ̀n bíi pé inú omi ló ti ń wá, ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n lu ìlù á dún bí ẹ̀ẹ̀mejì. Ibi tẹ́ ẹ ń kọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ yàn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa yí po. Ètò kọ̀ǹpútà míì tó ń jẹ́ Transcribe! náà dáa, wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fún 30 ọjọ́, ṣùgbọ́n Audacity tó wà lọ́wọ́ yín ti tó.

SoundMan_Ilawe
Ti èkejì, rédíò kásẹ́ẹ̀tì yín ni. Bẹ́líìtì inú ẹ̀ ti lè rọ̀ tàbí kí mọ́tò ẹ̀ máa sáré jù, torí náà eré àti ohùn jọ yẹ̀ ni, ibí yìí wá ni Change Speed ti wúlò. Fret kan tó bíi 6% eré, ẹ̀yin wà láàárín fret méjì, ẹ dín in kù ní 3%, kó bá gìtá yín mu. Ẹ sì tún gbìyànjú kẹ́ ẹ fi 3% kún un, kẹ́ ẹ wo èyí tí ohùn olórin ti dún bíi ti èèyàn gidi. Èyí gbọ́dọ̀ ṣáájú Change Tempo, ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn. Nǹkan míì tún ni pé ọ̀pọ̀ orin jùjú, etí ọ̀tún ni gìtá kan máa wà, èkejì á wà létí òsì, ẹ ya stereo ẹ̀ sí méjì kẹ́ ẹ pa apá kan lẹ́nu mọ́, gángan tó ń bò yín mọ́lẹ̀ lè lọ bẹ́ẹ̀.

BabaJuju_Ikere
Ọmọ mi, o ṣeun tó o rántí bàbá ẹ. Èmi ta gìtá jùjú láti 1979 títí di 1991, giramafóònù tó ní eré 16 (iye ìgbà tí àwo ń yí po ní ìṣẹ́jú kan) la fi ń ṣe é nígbà tiwa, o gbé àwo eré 33 sí i, eré ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì, ohùn akọ màlúù tó ò ń sọ yẹn náà la fi kọ́ṣẹ́. Ohun tí àwọn àbúrò ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n gbé gìtá sílẹ̀ ná. Fi ẹnu kọ ìlà yẹn. Gìtá jùjú kì í kàn sáré, ó ń sọ̀rọ̀ bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ohun tí olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ wí tán ló ń tún wí. Tó bá jẹ́ "bàbá mi dé" ni, dò mí re mí nìyẹn, ìsàlẹ̀, òkè, àárín, òkè, kì í ṣe pé fret mẹ́ta yẹn gan-an ló máa tẹ̀ o, àmọ́ o ti mọ ibi tó ń gbà lọ. Tó o bá ti mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ìka á wá a rí. Kọ ọ́ sílẹ̀ ní d r m bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú kúáyà. Má sì pẹ́ níbi tó falẹ̀, ijó inú jùjú máa ń kú níbẹ̀, fi márùn-ún márùn-ún gun òkè, kí ẹsẹ̀ ẹ máa lulẹ̀.

GitaAdo
Ẹ ṣé gan-an ni sà, ẹ̀yin náà ẹ ṣé. Mo dín in kù ní 3%, ó bọ́ sórí fret karùn-ún wẹ́rẹ́. Mo wá lo Change Tempo, -30, etí òsì nìkan, mo gbé gìtá sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí, mo ń fẹnu kọ ọ́. Olórin ní "ará Ìkéré, ẹ kú ilé", gìtá sì tún un wí, "ẹ kú ilé, ẹ kú ilé", re mí re mí, ìrù kékeré kan ló kù lẹ́yìn ẹ̀ tó ń yí wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì o, mi ò gbọ́ ọ! Nígbà tí mo wá ta á, màmá mi wà lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń bẹ iṣu, mi ò tíì sọ orin tí mo ń kọ́ fún wọn, àfi bí wọ́n ṣe dáhùn látibẹ̀, "ẹ káàbọ̀ o". Mo ti gbé e dé -15 báyìí.