Kí ni a ó máa pe olùgbọ́ pọ́díkáàsì tí ó ń sanwó?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Àbá mẹ́ta ni ó wà níwájú wa lórí ohun tí ó yẹ kí a máa pe ẹni tí ó ń san owó oṣooṣù kí pọ́díkáàsì aládàáni, ìyẹn ètò ohùn tí a ń gbọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, má baà kú. Olùkọ́ wa tí ó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní kí a máa pè é ní “ọmọ ẹgbẹ́”. Ẹ̀gbọ́n wa kan fara mọ́ “alásansílẹ̀”. Àwọn tí ó pọ̀ jù sì ń fẹ́ kí a kó gbogbo ẹni tí ó bá náwó sí ètò, ìbáà jẹ́ olùgbọ́ tàbí ilé iṣẹ́ tí ó ń polówó ọjà, sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, “onígbọ̀wọ́”. Kò sí èyí tí kò ní ìdí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kí a tó yan ọ̀kan, mo fẹ́ kí a béèrè ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gba owó rẹ̀.

Ní ti “pọ́díkáàsì” fúnra rẹ̀, mi ò rí ìdí tí a fi ní láti wá òmíràn. Ọdún 2004 ni akọ̀ròyìn Ben Hammersley kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ara orúkọ iPod (ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ orin) àti ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ilé iṣẹ́ Apple ti dáwọ́ iPod dúró ní 2022, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà láàyè. “Asọ̀rọ̀mágbèsì” bá rédíò mu, èyí tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbọ́ pọ́díkáàsì ń fèsì, wọ́n sì ń fi owó fèsì pẹ̀lú.

Mo ní ìdí tèmi tí mo fi ń bẹ̀rù “ọmọ ẹgbẹ́”. Èmi àti àwọn méjì kan ń ṣe pọ́díkáàsì kékeré kan lórí aró, ẹ̀lú, àti orúkọ tí àwọn ìyá aládìrẹ ń pe bátànì wọn, irú bí “Ìbàdàndùn” àti “Olókun”. Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé tí olùgbọ́ ti lè máa sanwó, “Ẹ di ọmọ ẹgbẹ́” ni a kọ sórí rẹ̀, nítorí pé ohun tí a rí lójú ìwé àwọn ẹlòmíràn ni a túmọ̀ láìrò ó jinlẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí ìyá kan tí ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí ọmọ rẹ̀ bá a san owó náà, fi ránṣẹ́ sí wa pé ọjọ́ wo ni ìpàdé, ta ni akápò, ṣé a ó sì dá aṣọ ẹgbẹ́ fún ọdún Lísàbí. Ìyá náà kò ṣìnà rárá. Ọ̀rọ̀ tí a fi pè wọ́n ni wọ́n dáhùn sí, nítorí pé ní ìlú yìí, ẹni tí ó bá san owó ẹgbẹ́ ní ẹnu nínú ẹgbẹ́: ó lè bèèrè ìṣirò owó, ó lè dìbò yan alága, bí ó bá sì ń ṣe ìnáwó, ẹgbẹ́ yóò wá bá a ṣe é. Kò sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí tí àwa ní lọ́kàn láti fún wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń sanwó fún olóhùn kan, ìyẹn ẹni tí ó ń ṣe pọ́díkáàsì, lórí Patreon, ojúlé ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013: olóhùn ni ó ni ètò, òun nìkan ni ó ń pinnu ohun tí yóò sọ, olùgbọ́ sì lè lọ nígbà tí ó bá wù ú. Bí pọ́díkáàsì kan bá ń pe àwọn tí ń sanwó jọ lóòótọ́, tí ó ń ka ìṣirò owó sí wọn létí, kí ó máa pè wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlérí tí a kò ní mú ṣẹ ni a fi orúkọ náà ṣe.

Ẹnì kan tún dábàá “alájọ” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó àjọ a máa padà sọ́wọ́ ẹni tí ó dá a, ẹni tí ó sì ń gba owó náà kiri ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní alájọ. Kò bá a mu ní ọ̀nà méjèèjì.

“Alásansílẹ̀” ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó sanwó sílẹ̀ kí ọjà tó dé, gbèsè wà lọ́rùn ẹni tí ó gba owó náà títí ọjà yóò fi dé, èyí sì ni àdéhùn tí ó wà láàrin pọ́díkáàsì àti ẹni tí ó sanwó kí ó lè gbọ́ apá tí àwọn yòókù kò ní gbọ́. Kì í ṣe ohun tuntun ní Abẹ́òkúta kí ènìyàn máa sanwó fún ọ̀rọ̀. Nígbà tí ajíhìnrere Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá níhìn-ín ní 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, nígbà tí ó sì yá, ìpolówó àwọn oníṣòwò náà wọ inú rẹ̀. Owó òǹkàwé àti owó onípolówó ti pàdé nínú ìwé kan náà kí ìwé ọ̀hún tó dáwọ́ dúró ní 1867, síbẹ̀ orúkọ kan náà kọ́ ni òǹkàwé àti oníṣòwò ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n “alásansílẹ̀” nìkan kò tó. Nínú àwọn tí ń sanwó fún ètò wa, àwọn kan wà tí kò bèèrè apá kankan tí ó yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ètò náà máa wà fún gbogbo ènìyàn, títí kan ọmọdé tí kò ní kọ́bọ̀. Kò tọ́ kí a pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní alásansílẹ̀, nítorí pé kò retí ọjà. “Alátìlẹ́yìn” ni mo rò pé ó yẹ ẹ́, mo sì fẹ́ kí ojú ìwé ìsanwó ya ilẹ̀kùn méjèèjì sọ́tọ̀, kí olúkúlùkù lè mọ èyí tí òun gbà wọlé.

Ó kan “ọ̀fẹ́”. Àwọn kan ní kí a máa pe apá tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ní “ẹ̀dà aláìsanwó”, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, ọ̀fẹ́ a máa tan ènìyàn láti rò pé ẹnikẹ́ni kò náwó sí i. Mi ò gbà. Láti oṣù kìíní ọdún 1955, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ni àwọn òbí wa ti mọ̀ pé ọ̀fẹ́ túmọ̀ sí pé ọmọ kò ní sanwó lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Àwọn tí wọ́n san owó orí kò ṣàì mọ ibi tí owó náà ti ń wá. “Aláìsanwó” ń fi ìka sí olùgbọ́ lójú bí ẹni pé ó jẹ gbèsè, bẹ́ẹ̀ ìlànà RSS, ọ̀nà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí pọ́díkáàsì dúró lé, kò ní ẹnu ọ̀nà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ẹni tí ó bá ti ní àdírẹ́sì rẹ̀ lè gba ohùn tuntun sórí ẹ̀rọ rẹ̀ láìtọrọ àyè. Láti 2005 ni Apple ti ń to pọ́díkáàsì jọ fún àwọn olùgbọ́, ọdún 2021 ni ó tó gbé ètò ìsanwó tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí a ń pè ní olùgbọ́ ọ̀fẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí sì ti ra dátà kí ó tó gbọ́ ìkíni wa. Kí ni a tún fẹ́ kí ó ṣe tí a ó fi máa pè é ní aláìsanwó?

Nítorí èyí, mo tako “ìtọ́wò” gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún apá ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó tọ́ nǹkan wò, ọjà ń dúró de ìpinnu rẹ̀. Kí a fi “ìtọ́wò” mọ sí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a gé nínú apá tí a ń tà. Fún apá tí alásansílẹ̀ ń rí gbà lé orí ohun tí ó sanwó fún, a ti ní “èènì” nílẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ra gààrí rí ní Kútọ̀ mọ̀ pé ẹni tí ó bá rajà ni wọ́n ń ṣe èènì fún, àti pé ọjà gbọ́dọ̀ kún òṣùwọ̀n kí èènì tó wọ̀ ọ́. Bí olóhùn kan bá yọ kókó inú ètò ọ̀fẹ́, tí ó fi í pamọ́ fún àwọn tí ń sanwó, èyí kì í ṣe èènì mọ́. Òṣùwọ̀n ni ó dín kù.

Ibi tí ọkàn mi wúwo sí jù ni “onígbọ̀wọ́”. Mo mọ̀ pé àwọn atọ́kùn ètò lórí rédíò ti ń lò ó fún ilé iṣẹ́ tí ó ra àkókò ètò, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí iṣẹ́ tí onígbọ̀wọ́ ń ṣe nínú ìdílé àti nínú ọjà: òun ni ó dúró fún ayánilówó pé ẹni tí ó yá owó yóò san án, tí ẹni náà bá sì sá lọ, ẹnu ọ̀nà onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń wá. Orúkọ rẹ̀ ni ó fi dúró. Ẹ wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí atọ́kùn pọ́díkáàsì fi ohùn ara rẹ̀ polówó ọṣẹ tàbí báǹkì orí fóònù kan, tí ó ní òun náà ń lò ó, tí olùgbọ́ tí ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sì tìtorí rẹ̀ ra nǹkan náà. Ta ni ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ta ni? Ilé iṣẹ́ náà kò dúró fún ètò wa níwájú ẹnikẹ́ni. Àwa ni a dúró fún ọjà rẹ̀ níwájú àwọn tí ó gbà wá gbọ́. Bí ọjà náà bá bàjẹ́, ìyá Ìtòkú yẹn kò ní wá ilé iṣẹ́ kiri, àwa ni wọn yóò pè. Bí a bá wá ń pe onípolówó ní onígbọ̀wọ́, a gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹni tí ó rù ú, a sì fún onísanwó ní ọlá tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí a pè é ní “onípolówó”. Èrò mi ni pé kí atọ́kùn tí ó ń fẹnu ara rẹ̀ yin ọjà máa sọ gbangba pé, “Mo gba owó, mo sì ṣe onígbọ̀wọ́ ọjà yìí”. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí ó má gba ìpolówó náà.

A tún nílò láti ya ìpolówó méjì sọ́tọ̀. “Ìpolówó àfẹnusọ” ni ti atọ́kùn. “Ìpolówó àfibọ̀” ni mo fi ń pe èyí tí ẹ̀rọ ń ki bọ àárín ohùn gẹ́gẹ́ bí ibi tí olùgbọ́ wà àti ọjọ́ tí ó gbọ́ ọ, débi pé apá tí a ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè máa kéde ọjà ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn méjì tí wọ́n ń gbọ́ apá kan náà sì lè gbọ́ ìpolówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Atọ́kùn kì í ṣe onígbọ̀wọ́ fún àfibọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùgbọ́ mọ ìyàtọ̀ náà. Ẹgbẹ̀rún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbọ́ ìpolówó ni wọ́n sábà fi ń ṣírò owó rẹ̀, nítorí náà, ètò tí a ń fi Yorùbá ṣe lórí àdìrẹ, tí olùgbọ́ rẹ̀ kò tíì pé ẹgbẹ̀rún, kò lè fi àfibọ̀ ra bátìrì ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Owó alátìlẹ́yìn mélòó kan ni ó ń gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ ró, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí orúkọ wọn péye.

A ti yí ojú ìwé tiwa padà báyìí: “alátìlẹ́yìn” àti “alásansílẹ̀” ni ó wà níbẹ̀, “èènì” wà lábẹ́ èkejì, “ọ̀fẹ́” sì wà lókè gbogbo wọn. A pe ìyá Ìtòkú, a bẹ̀ wọ́n, a sì ṣàlàyé. Wọ́n ní kí a kọ àwọn sí abẹ́ alátìlẹ́yìn. Èyí tí ó kù tí mo ń wá ìrànlọ́wọ́ yín lé lórí ni ẹ̀dà tí alásansílẹ̀ ń gbọ́ láìsí ìpolówó nínú rẹ̀. “Ẹ̀dà aláìnípolówó” ni a kọ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn lẹ́nu atọ́kùn, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ó sì ń dárúkọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èyí tí ó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.