Kí ló ń pa ọkọ̀ igi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bọ́ síbí

Agbẹ́kọ̀:
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Arère ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹja ńlá ní Gánà, àwọn apẹja Tógò àti Benin náà sì ń rà á. Ó fúyẹ́, ó rọrùn fún àáké, àmọ́ tí wọ́n bá pa á tì síbi ọ̀rinrin, kíá ló ń jẹrà. Ìrókò le jù ú lọ, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, owó rẹ̀ sì ga. (Ìyẹn tẹ́ ẹ bá ti bá olúwéré, iwin inú ìrókò, parí ọ̀rọ̀ yín.)

Òde la kọ́kọ́ ń gbẹ́ kó tó kan inú. Kẹ́ ẹ má baà gbẹ́ ẹ lu, ẹ lu ihò tín-ín-rín káàkiri láti òde, ẹ gé èèkàn igi kéékèèké, ẹ fi èédú kun orí tó máa kọjú sínú, kẹ́ ẹ wá gbá a wọ ihò: sẹ̀ǹtímítà 3 fún ẹ̀gbẹ́, 5 tàbí 6 fún ìsàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń gbẹ́ inú, ibi tí dúdú èédú bá ti yọ, ẹ dúró níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn jù torí òun ni iyanrìn ń họ nígbà tá a bá ń wọ́ ọkọ̀ gòkè.

Ohun tó ń kọ́kọ́ pa ọkọ̀ tuntun ni gbígbẹ. Orí méjèèjì ló ń là ṣáájú, torí ibẹ̀ ni omi ara igi ti ń tètè jáde. Ẹ má gbé e sóòrùn. Abẹ́ ibòòji ni kó wà, kẹ́ ẹ fi ẹrẹ̀ tàbí ewé tútù bo orí méjèèjì, kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Ìtàn:
Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ẹ wo ọkọ̀ Dufuna. Lọ́dún 1987, darandaran Fúlàní kan tó ń gbẹ́ kànga ló bá a pàdé ní abúlé Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe òde òní, ní nǹkan bíi mítà 5 nínú ilẹ̀. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8, ó sì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 8 ọdún. Kò sí ọkọ̀ tó dàgbà tó o tí wọ́n tíì rí ní Áfíríkà. Amọ̀ tútù tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ló pa á mọ́.

Ẹ má sì fojú kéré ọkọ̀ àjẹ̀ tí kò nílò omi jíjìn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun wọn méjì, Bloodhound àti Teazer, há sórí iyanrìn. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi sá kúrò, kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́.

Èrò Ọ̀sà:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbàgbé ajẹgi, ẹ̀dá inú omi iyọ̀ tó ń lu igi ọkọ̀ jẹ! Nínú ọ̀sà Èkó, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù rẹ̀: omi odò tó ń ṣàn wọlé á dín kù, omi iyọ̀ á borí rẹ̀, ohun tí ajẹgi sì ń fẹ́ nìyẹn. Ihò tó bá wọlé kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ nínú igi, á ti di ọ̀nà tí ìka lè wọ̀. Ẹ fi ìdí àjẹ̀ kan ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Tó bá dún bí igbá òfìfo, wọ́n ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ fà á gòkè, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi màrìwò gbígbẹ tó ń jó rà á lára. Iná náà kò gbọdọ̀ dúró lójú kan, torí igi tó bá ti di èédú, ẹ ti sọ ọ́ di fẹ́lẹ́. Ọ̀dà ló kàn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Ti ọkọ̀ onípákó, oríkèé ibi tí pákó ti pàdé ni wàhálà rẹ̀. Òwú tàbí okùn tá a tú la ń fi irin pẹlẹbẹ gbá wọ àárín pákó, ká tó da ọ̀dà gbígbóná lé e, ká wá kan páànù tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ẹ má gbá òwú náà le koko: pákó á wú tó bá wọnú omi, òwú tó há jù á sì ti pákó kúrò lára egungun ọkọ̀. Ìṣó tí wọ́n fi síńkì bò ni kẹ́ ẹ rà. Ìṣó lásán, iyọ̀ á jẹ ẹ́ tán kí pákó tó bàjẹ́. Tí ọkọ̀ tuntun bá ń jò ní ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́, ẹ má tíì kan nǹkan kan mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí pákó mumi ná, kẹ́ ẹ wá tún ibi tó bá ṣì ń jò ṣe.