Kí ló dé tí kòkòrò ibà fi ń la sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dúró sínú ọ̀kan?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ nípa ìmọ̀ ìṣègùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kò sì tíì yé èmi alára dáadáa.

Bí abo ẹ̀fọn Anopheles bá jẹ èèyàn, kòkòrò ibà inú itọ́ rẹ̀ á bọ́ sábẹ́ awọ ara. Ó tín-ín-rín, ó tẹ̀ díẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Á yọ́ rìn títí á fi bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e dé ẹ̀dọ̀. Níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7, ara ò sì ní gbóná rárá.

Ibi tó ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí. Kì í jókòó sínú sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tó bá kàn. Ó máa ń la bíi mélòó kan kọjá, á dá ara wọn lu, á jáde, kó tó wá rọra wọ ọ̀kan, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á bò ó níbẹ̀. Kí ló ń wá kiri? Mo mọ̀ pé pùrótéènì CD81 tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ṣé àwọn tó là kọjá kò ní in ni?

Ẹ dákun, Plasmodium vivax, irú kòkòrò ibà kan tó ń sùn sínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ńkọ́, kí ló ń jí i?